Bí A Ṣe Kó Ọmọ Bọ́sẹ̀ Jáde Lábẹ́ Òjò Todmorden

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo ti pọn Mọyọ̀ tán ní ilé wa ní Ardwick. Òjò ń rọ̀. Kì í ṣe òjò Manchester tí a ti mọ̀ mọ́ra, èyí tó máa ń fọ́n wẹ́wẹ́ bí omi tí wọ́n ń wọ́n sí aṣọ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Èyí ń dà ni. Ó ń lu fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ wọlé wá bá wa jókòó. Ṣẹ́gun ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé ife tíì lọ́wọ́, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Ìyá Mọyọ̀, ṣé inú òjò yìí ni o fẹ́ gbé ọmọ mi wọ̀?"

"Ọmọ tìẹ nìkan? Tó bá ń sunkún, o ò ní pè é ní ọmọ mi."

"Wọ́n ní ìjì ló ń bọ̀."

"Ìjì náà ti rẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú rédíò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí lóòótọ́. Wọ́n ní ìjì ńlá kan tó ti ń jà lórí òkun láti apá ọ̀hún Amẹ́ríkà ló kọjú sí ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n agbára ti tán lára rẹ̀ kó tó dé, kò lè ṣí òrùlé mọ́. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju omi lọ. Èmi náà wá rò ó pé, kí ni omi? Àdúgbò tí mo dàgbà sí ní Ìbàdàn, àgbàrá kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, mo ní ó dàbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi sí bí mi ò ṣe ní lọ. Bọ́sẹ̀, àbúrò mi kan ṣoṣo, ń gbé ní Todmorden, ìlú kékeré kan tó wà láàárín àwọn òkè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Leeds. Ibẹ̀ ló ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ibẹ̀ ni òun àti Kúnlé ọkọ rẹ̀ gba ilé sí. Ó bí ọmọbìnrin, ọjọ́ tí mò ń sọ yìí sì ni ọjọ́ kẹjọ. Ní ilé tiwa, ìyá tó bí ìyá ọmọ ni ó máa ń wẹ ọmọ ní ọjọ́ yẹn, òun náà ni ó máa ń gbé e jáde. Wọ́n á da omi sórí òrùlé, ìyá àgbà á gbé ọmọ sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ kí omi náà kán sí i lára. Bí ọmọ bá ti ké, gbogbo ilé á hó yèè, wọ́n á ní àlejò ti mọ̀ pé òun ti dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orúkọ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá wa kò rí físà gbà. Ó pè mí láti Ìbàdàn, ó ní, "Ìwọ ni kí o dúró fún mi. Má jẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ kẹjọ kọjá lórí ọmọ yẹn láìlórúkọ o. Mo tún wá gbọ́ pé wọn ò tíì wẹ̀ ẹ́!"

Òótọ́ ni. Ẹ̀rù ń ba Bọ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi òwú àti omi nu ọmọ lójú, nu ún nídìí, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí. Obìnrin tó ń wẹ àwọn arúgbó lójoojúmọ́, tó ń gbé wọn sókè tó ń sọ wọ́n kalẹ̀, kò lè wẹ ọmọ tirẹ̀. "Àǹtí mi, ó rọ̀ jù," ló máa ń wí fún mi lórí fóònù. "Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹja." Ìdí nìyẹn tí mo fi di ọṣẹ dúdú, òrí àti kànrìnkàn tuntun mọ́ oyin, iyọ̀, orógbó àti atare tí a ó fi ṣàdúrà.

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ní bọ́ọ̀sì láàárín ìgboro ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ó kù díẹ̀ kí n dé ibùdó rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Victoria, òjò náà bá tún le sí i. Mo yà sábẹ́ ìloro ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní kí n jẹ́ kó dá díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, kí lẹ̀ bá ṣe? Gbogbo wa náà la máa ń dúró. Bí òjò bá ti dé, ọlọ́jà á dúró, olùkọ́ á dúró, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí tí èèyàn fi pẹ́. Mo wá dúró. Mò ń jo Mọyọ̀ lẹ́yìn, mò ń wo àwọn òyìnbó tí wọ́n ń kọjá nínú òjò náà, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ bo orí. Àánú wọn ń ṣe mí. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni ó yẹ kí wọ́n ṣàánú. Òjò tiwa máa ń bínú wá ni, yóò sọ ti ẹnu rẹ̀ tán, yóò sì lọ. Ti ibí kì í bínú, kì í sì í lọ. Nígbà tí ó wá yé mi, tí mo sáré wọ ibùdó, ọkọ̀ tí ì bá gbé mi dé Todmorden tààrà ti lọ, omi sì ti gun orí irin lẹ́yìn rẹ̀.

"Èyí tó kàn ò ní lọ jìnnà," obìnrin tó ń darí èrò sọ fún mi. "Littleborough ló máa dúró. Bọ́ọ̀sì á gbé yín níbẹ̀."

Nígbà tí rélùwéè kò bá lè lọ mọ́, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi máa ń rọ́pò rẹ̀ níbí. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lé e. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn máa gbé èèyàn láti Ìbàdàn dé Ilé-Ifẹ̀, á sì tún ra dòdò Ìkirè lọ́nà títí ikùn á fi kún.

A ṣí. Lẹ́yìn tí a kọjá Rochdale, pápá ti di odò. Àwọn àgùntàn kóra jọ sórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀, wọ́n kọ ìdí sí afẹ́fẹ́, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Mo na ìka sí wọn, mo ní, "Mọyọ̀, wo àgùntàn!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ gbá gíláàsì. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ náà.

Ní Littleborough, bọ́ọ̀sì wà ńlẹ̀ lóòótọ́. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn rẹ̀ ni awakọ̀, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, wo ìró tí mo fi pọn ọmọ, ó ní, "Ẹ kú òjò o, ìyálọ́mọ."

Inú mi dùn débi tí mo fi kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Òyìnbó tó wà lẹ́yìn mi rò pé mo ṣubú ni. Ó gbá apá mi mú, ó ń pariwo pé kí wọ́n wá ràn mí lọ́wọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń kí mi ni," bàbá náà sọ fún un. Ó wá yíjú sí mi. "Ìlọrin ni mo ti wá. Alàájì ni gbogbo wọn ń pè mí. Níbo lẹ̀ ń gbé ọmọ lọ nínú irú ọjọ́ yìí?"

"Todmorden ni, sà. Ìkómọ àbúrò mi ni, èmi ni ó máa wẹ ọmọ."

"Ẹ jókòó síwájú níbí. A ó dé ibẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, tí omi náà ò bá sì kọ̀."

Omi kọ̀. A gba ọ̀nà tóóró kan tó rìn láàárín òkè méjì, omi ń já bọ́ láti ara òkè lọ́tùn-ún lósì, ó funfun bí ògì. Nígbà tí a dé abúlé tí wọ́n ń pè ní Walsden, kò sí títì níwájú mọ́. Omi pupa ló gba gbogbo rẹ̀, ó ń gbé pákó àti ike ìdàdọ̀tí lọ. Alàájì tẹ bíréèkì, ó káwọ́ gbera.

"Ọkọ̀ mi kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi," ó ní. "Gbogbo yín, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Àwọn ará abúlé ti ṣí gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀ fún wa lórí ilẹ̀ gíga. Wọ́n ń pín tíì àti búrẹ́dì yíyan tí wọ́n fi bọ́tà pa, ọ̀fẹ́ ni. Òyìnbó tí kì í wo ojú ara wọn nínú rélùwéè ti ń bá ara wọn ṣe àwàdà, wọ́n ń yá ara wọn ní ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Èmi pe Bọ́sẹ̀. Ẹkún ló fi gbé fóònù.

"Àǹtí mi, pásítọ̀ tó ń bọ̀ wá ṣàdúrà ti yí padà sí Leeds, wọ́n ti dí ọ̀nà tọ̀hún náà. Iná ti lọ. Kúnlé ní ká sún un sí ọ̀la."

"Ọ̀la kọ́. Ta ni ó máa sọ ìyẹn fún Màámi? Kúnlé?"

Mo gbọ́ tí Kúnlé ń sọ lẹ́yìn pé òun kọ́ o, òun ò dábàá nǹkan kan.

Ìyá arúgbó kan tó ń da tíì gbọ́ ohùn mi, ó wá bá mi. Bàtà rọ́bà rẹ̀ ga dé orúnkún, aṣọ òjò rẹ̀ sì ń run àgùntàn. Ó ní orúkọ òun ni Maggie. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé, Màmá Maggie." Ó ju ọmọ ọdún àádọ́rin lọ dáadáa, ẹnu mi ò lè pè é bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì pariwo sí gbogbo gbọ̀ngàn pé òun ti di Màmá lónìí. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún pè é ní orúkọ mìíràn.

"Kí ló dé tí kò lè di ọ̀la?" ó bi mí.

"Ọmọ náà kò ní orúkọ, mà. Kò lè ní in títí mo fi máa dé ibẹ̀."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí yí orí padà. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i? Kí wá lẹ ń pè é?"

"Ọmọ tuntun."

Níbí, wọ́n máa ń sọ ọmọ lórúkọ nígbà tó ṣì wà nínú oyún, wọ́n tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ sí ara ògiri yàrá rẹ̀. Pé ẹ̀dá kan wà ní òdìkejì omi yẹn tí kò tíì ní orúkọ, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n pe ọkọ̀ òfuurufú. Màmá Maggie bá gbé ife kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi katakata òun gbé omi gbígbóná àti oúnjẹ lọ fún àwọn arúgbó kan ní Todmorden, ọ̀nà orí òkè lòun máa gbà, ó máa gbọ̀n wá jìgìjìgì. Ṣé mo lè jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tí katakata ń fà?

"Mo ti gun ẹ̀yìn lọ́rì iṣu rí, mà."

Alàájì náà dìde. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó ti ọkọ̀ pa, kó máa sinmi. "Ọmọ Yorùbá á di ẹni ọjọ́ mẹ́jọ nítòsí mi, kí n máa jẹ búrẹ́dì?" ó ní. "Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n rí àyè."

Bí a ṣe gun òkè yẹn nìyí: Màmá Maggie níwájú tó ń wa katakata bí ọmọ ogún ọdún, èmi àti Alàájì lẹ́yìn lórí koríko gbígbẹ, tapólì lórí wa, fúláàsì omi gbígbóná yí wa ká. Mọyọ̀ sùn lọ. Ẹ̀rín ń pa mí. Alàájì ń ké "Lá ìláhà illallọ́ọ̀" ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti yí. Nígbà tí a dé góńgó òkè, mo gbé tapólì sókè, mo rí gbogbo àfonífojì náà nísàlẹ̀, odò rẹ̀ ti sanra, àwọn ilé olókùúta dúdú tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó lẹ́wà. Mo mọ̀ pé omi ti wọ ilé àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀, síbẹ̀ n kò lè parọ́, ó lẹ́wà.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Bọ́sẹ̀ ń gbé, ní òpópónà kan tó ga, omi ò dé ibẹ̀. Ó dì mọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà, ó sunkún sí mi lọ́rùn, lẹ́yìn náà ló rí àlejò méjì tó wà lẹ́yìn mi, ó sì fi ìrójú kúnlẹ̀. Mo tan fóònù, mo pe ìyá wa kó lè máa rí wa. Ojú rẹ̀ yọ, gèlè wà lórí, àwọn aládùúgbò wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dé tí ibẹ̀ ṣókùnkùn?" ó ní.

"Wọ́n ti mú iná lọ, Màámi."

"Níbo? Ní ìlú òyìnbó?" Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Àwa ní iná! Todmorden ni wọ́n ti mú iná lọ!" Ariwo tó sọ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn, fóònù mi ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n iná tó lọ yìí fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ẹ̀rọ ìdáná wọn, iná mànàmáná ló ń lò. Ìkòkò omi wọn náà, iná ni. Kí ni mo fẹ́ fi wẹ ọmọ? Kí n tó la ẹnu, Màmá Maggie ti gbé fúláàsì kan kalẹ̀. Ó ní àwọn arúgbó yẹn kò ní kú bí tíì wọn bá dín ife díẹ̀. Ó kó ìyókù lọ fún wọn, ó ní òun ń padà bọ̀, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òun.

Nígbà tó dé, mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo da omi náà pọ̀ mọ́ tútù nínú abọ́ ìfọṣọ, mo fi ìgbọ̀nwọ́ dán an wò. Mo gba ọmọ. Ọmọ tuntun rọ̀ lóòótọ́, Bọ́sẹ̀ ò parọ́. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Kí n sọ òótọ́, Mọyọ̀ tí mo bí, ìyá ọkọ mi ló wẹ̀ ẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́ kí n tó kó wá síbí, ìran ni mo ń wò. Mo ranjú mọ́ fóònù.

"Gbé orí rẹ̀ lé ìtan òsì," ni ìyá wa wí jẹ́jẹ́. "Bẹ́ẹ̀. Orí ni kí o kọ́kọ́ fọ̀."

Mo fọ orí. Mo fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú pa á lẹ́yìn, mo fi òrí ra á lápá, mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tẹ ìbàdí rẹ̀. Mi ò jù ú sókè bí àwọn ìyá àgbà ti máa ń ṣe. Nọ́ọ̀sì tiwa ti kìlọ̀ fún mi, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Màmá Maggie di ẹnu mú.

"Ṣé kò ní dùn ún?"

"Ẹ wo ojú rẹ̀, mà."

Ọmọ náà ti sùn lọ. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹni tó mu ẹ̀kọ yó.

Ó wá kù ká gbé e jáde. Mo fi aṣọ òtútù wé e, ojú àti iwájú orí rẹ̀ nìkan ló kù síta, a sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Kúnlé sáré tẹ̀lé wa pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ó ń wo òkè, ó ń wá bí yóò ṣe dà á sórí òrùlé.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí," Alàájì ní, "omi wo lo tún fẹ́ dà? Ṣé o ò rí i pé wọ́n ti ń bá ọ dà á láti òru?"

Ẹ̀rín pa wá títí ife fi bọ́ lọ́wọ́ Kúnlé. Mo gbé ọmọ síwájú díẹ̀, sí ibi tí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ti ń kán. Ẹ̀kán omi kan já bọ́, ó bà á níwájú orí. Kò ké. Ó fajú ro, ó sì lá ètè.

"Ó ké?" ìyá wa ń bi wá láti inú fóònù. "Bọ́sẹ̀, ó ké?"

"Kò tíì ké, Màámi."

Èkejì bọ́. Ó sín. Lẹ́yìn náà ló ya ẹnu, ó sì fi igbe ta, igbe ńlá láti ara ẹ̀dá kékeré. Bọ́sẹ̀ fò sókè, Alàájì ń ké "Allahu Akbar", Ìbàdàn hó yèè nínú fóònù. Mọyọ̀ náà jí, ó bá wọn ké. Ní ọ̀ọ́kán wa, àwọn tó ti wà lójú fèrèsé láti àárọ̀ tí wọ́n ń fi ìbànújẹ́ wo omi tó ń gòkè bọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́.

Orúkọ tí bàbá Kúnlé fi ránṣẹ́ ni Morẹ́nikẹ́. Alàájì gbàdúrà pẹ̀lú oyin àti iyọ̀, ó sọ ọ́ ní Bàràkátù tirẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní ṣé kò yẹ ká fi Béjídé kún un nítorí òjò.

"Ọjọ́ tí wọ́n bí i, òjò rọ̀?" ìyá wa béèrè.

"Oòrùn ló ràn, Màámi."

"Ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín."

Mo sọ fún Màmá Maggie pé gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló lè fún ọmọ ní orúkọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní Ivy, orúkọ ìyá òun, tó kú láìní ọmọ-ọmọ.

Mo sùn síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí lọ, mo wọ̀ ọ́ padà. Lójú ọ̀nà mo rí àwọn èèyàn tó ń kó rọ́ọ̀gì tó ti rẹ síta, tí wọ́n ń gbá ẹrẹ̀ jáde nínú ilé wọn. Mo gbàdúrà fún wọn ní gbogbo orúkọ Ọlọ́run tí a pè lánàá. Ọ̀sán ni mo dé Ardwick. Ṣẹ́gun gba Mọyọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni ń yẹ ọjà wò.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ohun ilé, ilé nìkan ló ti ṣe é ṣe, pé gbogbo èyí tí a bá ń ṣe níbí, eré ni à ń fi í ṣe títí a ó fi padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ìrìn àjò yìí ti mú ìyẹn kúrò lọ́kàn mi. Àwa náà la mọ̀ ọ́n báyìí, bí ọwọ́ wa tilẹ̀ ń gbọ̀n.

N kò tíì bọ́ bàtà tán tí fóònù fi dún. Bọ́sẹ̀ ni.

"Àǹtí mi, iná ti dé, omi ti gbóná. Ó ti wà lórí ìtan mi. Ẹ má sọ nǹkan kan o. Ẹ ṣáà dúró síbẹ̀."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, mo pa ẹnu mọ́. Mo gbọ́ tí omi ń ro pọ̀ọ́pọ̀ọ́ nínú abọ́, tí Morẹ́nikẹ́ ń ráhùn díẹ̀díẹ̀, tí àbúrò mi sì ń fi ohùn kékeré sọ fún ara rẹ̀ pé, "Orí. Orí ni kí o kọ́kọ́ fọ̀."